Ọjọ́ Tí Bàbá Yẹ Iṣẹ́ Abíọ́nà Wò

Láti àárọ̀ ni Eyínfúnjowó ti ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ó gbá iwájú ilé, ó gbá ẹ̀yìnkùlé, ó tún padà sí iwájú ilé, àfi bí ẹni tó ń bá ọyẹ́ jà. Eruku tí ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé kò sì tán. Mo ní, "Eyínfúnjowó, ẹ jókòó. Ilẹ̀ yìí ò ṣẹ̀ yín." Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì tó wá láti Ṣakí. Nígbà tí kò rí mọ́tò kankan, ó wọlé wá gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Àwáwù ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Èmi ò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀, torí pé mo bá a nínú ilé ni. Ọmọdé ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé mi wá sí agbo ilé àwọn ahunṣọ yìí ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ẹ̀yin náà mọ̀. Eyín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, mo sì sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Òun náà ń pè mí ní ìyàwó mi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, èmi ni mo parí títọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí kò ṣe lè jókòó lọ́jọ́ náà, èmi náà ò lè jókòó. Mo sáà fi ẹnu sọ pé kí ó jókòó ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Abíọ́nà, ọmọ Ṣakí, ti dé láti Àmẹ́ríkà. Àwọn ẹbí rẹ̀ máa mú un wá lọ́jọ́ náà kí Bàbá, bàbá ọkọ mi, lè fojú ara wọn rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí iṣẹ́ náà bá tẹ́ Bàbá lọ́rùn, wọn á gba obì lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn ará Ilua ń retí èsì. Ọ̀ṣẹ́nì, oníṣòwò àgbàdo kan níbẹ̀, ti rán ènìyàn wá pé òun fẹ́ fi Eyínfúnjowó ṣe ìyàwó kẹta, Bàbá sì ti búra pé ààwẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní í bá a nílé òun.

Ẹ má bá Bàbá wí. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló á sá. Fàtímọ̀, ẹ̀gbọ́n Eyínfúnjowó, ni wọ́n fún ọkùnrin kan tó wọ agbádá léèsì wá, tó ní òun ń fi mọ́tò kó ẹrù láti Kánò. A sè, a jẹ, a mu, a gbé ìyàwó fún un. Àṣé kò ní mọ́tò, kò ní kẹ̀kẹ́, agbádá náà pàápàá, ó yá a wọ̀ ni. Fàtímọ̀ padà wálé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ní, "N kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ mi, kó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá kí n yí i wò."

Bí Bàbá ṣe máa ń yẹ aṣọ wò náà nìyẹn. Àwọn ahunṣọ tó wà ládùúgbò wa máa ń kó aṣọ òfì tí wọ́n hun wá bá Bàbá kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà. Bàbá kì í wo ojú aṣọ. Wọ́n á gbà á, wọ́n á yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, wọ́n á máa fi ọwọ́ wá ibi tí òwú ti já tí ahunṣọ ti so ó. Wọ́n á ní, "Ojú aṣọ, ti ẹni tó ń tà á ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti ẹni tó máa wọ̀ ọ́."

Ṣé ẹ wá rí wàhálà? Iṣẹ́ Abíọ́nà kì í ṣe aṣọ. Eré ni. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn obìnrin ilé títí ó fi sú mi. Àwọn ará Àmẹ́ríkà ní bọ́ọ̀lù kan tí wọn kì í fi ẹsẹ̀ gbá, besibọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi kùmọ̀ gbá a dànù, àwọn tó wà nínú pápá á sì máa sá lé e. Ilé-iṣẹ́ tí Abíọ́nà wà ló gbé bọ́ọ̀lù náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú àpótí kan, wọ́n á so àpótí mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àwọn agbábọ́ọ̀lù á sì máa sáré lójú rẹ̀ bí ẹni tó mú ọwọ́ ẹ̀rọ náà dání bá ṣe darí wọn. Lẹ́yìn gbogbo àlàyé, ohun tí ìyálé wa kan bi mí ni pé, "Wọ́n wá ń sanwó oṣù fún un nítorí ìyẹn?" Mo fi í sílẹ̀, mo lọ bu omi.

Abíọ́nà ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé-ìwé kan níbí kó tó rí ọ̀nà lọ sókè òkun. Ibẹ̀ ni òun àti Eyínfúnjowó, tí òun náà jẹ́ tíṣà, ti pàdé. Ó ní kó dúró de òun, ó sì dúró. Ó dúró títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bímọ, tí wọ́n fi ń mú àwọn ọmọ náà wá sínú kíláàsì rẹ̀. Ẹ wo irú ìdúró bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní àwọn á dé kí oòrùn tó mú. A kírun ọ̀sán, a ò rí wọn. Bàbá pàápàá ò fara balẹ̀. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ òfì wọn: á dún díẹ̀, á dákẹ́, á tún dún. Bàbá tí kì í gbójú sókè lórí òfì títí wọ́n á fi pe ìrun, wọ́n ti dìde wo títì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́nà Òkèhò, èéfín igbó tí àwọn ọdẹ ń sun ti bo òkè, ọyẹ́ sì ń gbé eérú rẹ̀ wá sórí aṣọ tí mo sá. Mo ká aṣọ náà wọlé tìbínú-tìbínú. Ẹni tó ní sùúrù ni kó máa retí àlejò.

Ìgbà tí mo gbọ́ ìró mọ́tò Pijó níwájú ilé, Eyínfúnjowó ti ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ti sá wọ yàrá. Abíọ́nà ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀, ó wọ dàńṣíkí, ó gbé àpótí eré náà sáyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Ládòkun, àgbẹ̀ oníṣu, tẹ̀lé e pẹ̀lú igbá obì. Abíọ́nà tún padà sídìí mọ́tò, ó gbé irin onígun mẹ́rin kan tó wúwo wọlé, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò mọ ohun tí irin náà wà fún, n kò sì béèrè. Omi ni mo gbé fún wọn.

Ilé Bàbá Kékeré ni a kó gbogbo wọn sí, nítorí pé ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wà. Ìyápọ̀ ni orúkọ Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá ni wọ́n. Wọn kì í hunṣọ, rédíò ni wọ́n ń tún ṣe nídìí ọjà, nítorí náà, ohunkóhun tó bá ti ní wáyà lára, àwọn nìkan ló gbọ́n. Bàbá jókòó sórí awọ àgbò wọn. Bàbá Ládòkun jókòó sórí àga. Abíọ́nà dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. Ọmọkùnrin tó wá tọrọ ìyàwó kò gbọdọ̀ dìde títí bàbá ìyàwó á fi ní kó dìde, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí wọn ò bá bi í. Àwọn bàbá kan máa ń tètè ní kí ọmọ ọlọ́mọ dìde. Bàbá wa ò sí lára wọn. Wọ́n kí Bàbá Ládòkun, wọ́n béèrè iṣu, wọ́n béèrè òjò èṣí, wọ́n béèrè ìyá Abíọ́nà àti àwọn tó bí ìyá Abíọ́nà. Ọmọkùnrin náà wà nílẹ̀.

Bàbá Kékeré ní tiwọn ò ní sùúrù. Wọ́n ti tú aṣọ tí Abíọ́nà fi wé àpótí, wọ́n ti so wáyà kan mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì mú wáyà iná lọ́wọ́, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á tì í bọ̀ lára ògiri. Ẹnu rẹ̀ ò bá ti wa mu. Wọ́n mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan látinú àpò wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í tún un ṣe.

Abíọ́nà gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀, ó yí orí díẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iná yẹn..."

Bàbá Ládòkun gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n dá orí náà padà sílẹ̀. "Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀? Orí ẹní àna lo wà."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Àmẹ́ríkà nìyẹn," Bàbá Kékeré ní láìwẹ̀yìn, "kí àyà wà nílẹ̀ kí ẹnu máa ṣiṣẹ́?"

Mo rí ìka ẹsẹ̀ Abíọ́nà tó ń ha ẹní. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Ó tún gbé orí. "Mo bẹ̀ yín, ẹ má tì í bọ̀ ọ́."

"Abíọ́nà," Bàbá ní. Wọn ò pariwo. Orúkọ náà nìkan ni wọ́n pè, ọmọ náà sì dojú bolẹ̀.

Bàbá Kékeré tẹ iná. Àpótí náà dún pó. Èéfín funfun yọ láti inú rẹ̀, òórùn rọ́bà tó jó gba gbogbo ilé, Bàbá Kékeré sì fò sẹ́yìn tẹ irin wọn mọ́lẹ̀.

Láti ilẹ̀ ni a ti gbọ́ ohùn Abíọ́nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè dìde?"

Bàbá ní kó dìde. Ó fa wáyà yọ, ó ṣí ẹ̀yìn àpótí, ó wo inú rẹ̀, ó sì tì í padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà náà ló wá ṣàlàyé. Iná tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún kò le tó tiwa. Irin tó gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni ì bá bu iná wa kù kí àpótí tó mu ún. Kásẹ́ẹ̀tì ò ṣe é nǹkan, ṣùgbọ́n àpótí ti kú, kò sì mọ ibi tí a ti lè rí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," Bàbá Kékeré ní. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

"Kì í ṣe ilé ọba ló jó," Bàbá Ládòkun ní. "Iṣẹ́ ọmọ wa ni." Wọ́n ti ń kó agbádá wọn jọ bí ẹni tó fẹ́ máa lọ.

Bàbá ń wo àpótí náà. "N kò rí i," ni wọ́n ní. "Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ wá fi hàn mí, n kò rí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ló tún kù." Mo rí i tí aṣọ ìkélé yàrá mì. Eyínfúnjowó ti gba ẹ̀yìnkùlé tẹ̀lé wa, òun ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń wo ọ̀nà Ilua bí ẹni pé Ọ̀ṣẹ́nì ti ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Abíọ́nà fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Bàbá, nǹkan kan wà. Àwọn kan wà lọ́hùn-ún tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yẹ irú eré báyìí wò. Wọ́n á ṣe é títí, wọ́n á wá kọ èyí tó dáa nínú rẹ̀ àti èyí tí kò dáa sínú ìwé ìròyìn. Wọ́n kọ nípa tiwa. Ìwé náà wà nínú báàgì mi."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá lára. "Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó mọ̀ ọ́?"

"Kò mọ̀ mí rí, sà."

"Ṣé ẹ fún un ní nǹkan?"

"Rárá, sà."

"Ẹ pọ̀ tí ẹ jọ ṣe é. Apá ibo ni ìwọ ṣe?"

"Àwọn tó wà nínú pápá tí wọ́n ń sá lé bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa dúró àti ìgbà tí wọ́n á sáré."

Bàbá mirí. "Ó dáa. Ẹ kà á fún mi. Kì í ṣe ìwọ. Ahunṣọ kì í yẹ aṣọ ara rẹ̀ wò. Ìyá Àríyọ̀, pe Àwáwù wá."

Èmi ni Ìyá Àríyọ̀. N kò tíì dé ibi aṣọ ìkélé tó fi jáde. Ó kúnlẹ̀, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Abíọ́nà, kò wo ojú rẹ̀. Nínú gbogbo wa níbẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́ èdè òyìnbó débi tí wọ́n lè fi kàwé. Èmi ń gbọ́ "kámù," ìyẹn wá, àti "góò," ìyẹn lọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú kà á, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá. "Ó ní orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi ló wà nínú eré náà, àwọn tó wà láàyè. Ó ní inú òun dùn láti rí orúkọ wọn bó ṣe rí gan-an."

"Ẹ dúró ná," Bàbá Kékeré ní. Wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ á fi kúrò lọ́rùn wọn. "Orúkọ ènìyàn tó wà láàyè ni ẹ kó sínú ẹ̀rọ? Ṣé wọ́n mọ̀?"

"A tọrọ rẹ̀, sà," Abíọ́nà ní. "Ẹgbẹ́ wọn fún wa láṣẹ, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá tọrọ àṣẹ, orúkọ tí kò sí níbì kankan ló máa fi sínú tirẹ̀."

"Ìyẹn dáa," Bàbá ní. "Àwa náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ hun irú aṣọ ẹtù tí bàbá ẹlòmíràn dá sílẹ̀, obì ló máa ń gbé lọ tọrọ. Àwáwù, máa kà á."

Ó kà pé àwọ̀ pápá náà dára. Ó kà pé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń jù ú dáadáa. Mo rí i tí ojú rẹ̀ sáré lọ sísàlẹ̀ ìwé, ó padà sókè, ó tún sáré lọ.

"Ó kan apá ti Abíọ́nà báyìí," ó ní. "Ó ní àwọn tó ń sá lé bọ́ọ̀lù yára bí àgbọ̀nrín. Kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti dé ìdí rẹ̀. Ó ní ẹni tó ṣe apá ibẹ̀ yẹn mọ bọ́ọ̀lù náà bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀."

Ara tu gbogbo wa. Bàbá Kékeré pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rántí èéfín, wọ́n dáwọ́ dúró. Bàbá Ládòkun tú agbádá wọn sílẹ̀. Èmi, ńṣe ni mo rẹ́rìn-ín sínú ìborùn mi, mo ti ń ronú abọ́ tí n ó fi gbé oúnjẹ fún àwọn àna. Bàbá na ọwọ́ sí igbá obì.

Abíọ́nà nìkan ni kò yọ̀. Ó ń wo Eyínfúnjowó, Eyínfúnjowó ò sì gbé ojú kúrò lórí ìwé tó ti pa dé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ohun tó wà níbẹ̀ kọ́ nìyẹn."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Irọ́ Eyínfúnjowó ò tilẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Mo bínú sí ọmọkùnrin náà, n kò ní í parọ́ fún yín. Mo ní nínú ara mi pé, ṣé orí ẹni yìí pé? Obì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọwọ́ Bàbá. Eyínfúnjowó gbójú sókè wò ó. Bí ojú bá lè gbá ènìyàn létí, etí Abíọ́nà ì bá ti dún.

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí igbá. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Abíọ́nà ò gba ìwé náà. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí. "Ó ní, àwọn tó yẹ kó máa sá lé bọ́ọ̀lù, ńṣe ni wọ́n ń dúró bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ẹrẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù á ti kọjá wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn sáré. Ó ní orúkọ àwọn akíkanjú ni wọ́n kó sára àwọn tó ń sùn. Ó sì ní ó dá òun lójú pé ẹni tó ṣe apá ibẹ̀ kò wo bọ́ọ̀lù náà rí láyé rẹ̀."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Bàbá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. N kò wò ó rí kí n tó dé ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ènìyàn nínú pápá bí wọ́n á ṣe máa retí nǹkan tó lè yọ níbikíbi. Èyí tí mo mọ̀ ni mo kọ́ wọn. Nílé wa ní Ṣakí, tí a bá sun igbó, a máa ń yí i ká láti retí ọ̀yà. Bàbá mi kọ́ wa pé ẹni tó bá kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, ibẹ̀ náà ni ọ̀yà máa gbà lọ. Kí oníkálukú dúró títí ẹran á fi yọ sí i. Bí mo ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀yà. Ẹni tó bá dúró dè é, ó ti lọ."

Bàbá Ládòkun ń wò ó. "Ọ̀yà ni ó fi kọ́ àwọn òyìnbó," wọ́n ní, ẹ̀rín sì mú wọn tipátipá. Bàbá Kékeré bá wọn rín in. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Mo ti fẹ́ gba obì," Bàbá ní. "Kí ló dé tí o fi sọ ọ́?"

"Bàbá, iṣẹ́ mi ti jó. Bí mo bá tún jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lódì, kí lẹ wá rí lára mi lónìí?"

Ìka Bàbá ń rìn lórí etí awọ àgbò tí wọ́n jókòó lé, bí wọ́n ṣe máa ń fi ọwọ́ wá ibi tí òwú ti já. "Láti ìgbà tí mo ti ń wo aṣọ," wọ́n ní, "èmi ni mo ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. N kò tíì rí ahunṣọ tó gbà á lọ́wọ́ mi tó yí i fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ṣakí, ìbéèrè tí mo ní fún ilé yín ti tán. Tèmi ló kù."

Wọ́n yíjú. "Àwáwù."

"Bàbá."

"Ohun tí o kà fún mi, ṣé ó wà nínú ìwé yẹn?"

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Kí ló dé?"

Mo rò pé á sunkún. Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ilua ni, Bàbá. Mo ti dúró débi pé àwọn tí a jọ ń ṣeré ti ń mú ọmọ wá kí n kọ́ wọn. N kò lè jẹ́ kí òyìnbó kan tí n kò mọ̀ rí fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rán mi lọ sílé Ọ̀ṣẹ́nì."

Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ojú tì mí, n kò mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ni ojú tì. Gbogbo wa nínú ilé náà la mọ̀ pé kò fẹ́ Ilua. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí.

Bàbá pa ojú dé, wọ́n là á. Bàbá Ládòkun ni wọ́n kọjú sí. "Ẹ ti gbọ́. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń wádìí ilé yín, ẹ̀yin ò wádìí tiwa. Ọmọ tí mo fẹ́ fún yín nìyí. Bí ọ̀rọ̀ bá le, á purọ́ fún bàbá tó bí i lójú àlejò. Ẹ̀yìn aṣọ tèmi nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé obì yín padà, ẹ gbé e. N kò ní í bínú."

Ẹnu yà mí. Bàbá tí kì í fi ọmọ wọn hàn ní búburú fún ẹnikẹ́ni. Eyínfúnjowó wà lórí ìkúnlẹ̀, ìwé ìròyìn náà wà lórí itan rẹ̀.

Bàbá Ládòkun wo igbá obì, wọ́n wo ọmọbìnrin náà. Ẹ̀rín ọ̀yà ti kúrò lójú wọn. "Ó yẹ ká lọ sílé," wọ́n ní, "ká lọ jíròrò ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú àwọn àgbà."

Ohun tí mo gbọ́ ni àyà Abíọ́nà tó kan ẹní. Ó ti dọ̀bálẹ̀ padà, ó sì ti ń gbé orí láti sọ̀rọ̀. Bàbá Ládòkun sáré gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀," Bàbá ní. "A ti pa á lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí ẹní yìí. Gbogbo wa la rí ohun tó jó."

Bàbá Ládòkun gbé ọwọ́ kúrò.

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá," Abíọ́nà ní. "Bí ẹ ṣe yí i sókè yẹn náà ni mo fẹ́ ẹ."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bàbá Ládòkun tó ti igbá obì náà síwájú. Bàbá mú ọ̀kan, wọ́n là á, wọ́n ṣàdúà sí i, wọ́n fún Bàbá Ládòkun, wọ́n fún Bàbá Kékeré, wọ́n jẹ tiwọn. Ó korò mọ́ wọn lẹ́nu bó ṣe yẹ kó korò. Wọ́n ní kí Abíọ́nà dìde. Ìgbà tó ti ń gbọn eruku kúrò láyà ni wọ́n tún pè é.

"Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ò dáa," wọ́n ní. "Òyìnbó yẹn ò purọ́ mọ́ ọ. Tí o bá padà dé ọ̀hún, tú u, kí o tún un hun."

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, sà. Wọ́n ti ń tà á."

"Èyí tó ń bọ̀, nígbà náà. Lọ wo bọ́ọ̀lù wọn kí o tó fọwọ́ kàn án."

"Ẹ ṣé, sà."

Eyínfúnjowó ti bọ́ síta. Mo tẹ̀ lé e, mo rò pé ẹkún ló lọ sun lẹ́yìnkùlé. Níwájú ilé ni mo bá a. Ọyẹ́ ti tún kó eruku àti eérú bo gbogbo ibi tó ti gbá láti àárọ̀. Ó mú ìgbálẹ̀ dání, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò gbá nǹkan kan. Mo na ọwọ́, mo gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n gbà á.